Àmì Orí Má

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ ti ilẹ̀kùn ilé ààrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, iná ti ń jó lábẹ́ ààrò, ìkòkò ńlá rẹ̀ kò sì sí lórí pákó tí ó gbé e lé ní àná. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo abẹ́ tábìlì, bí ẹni pé ìkòkò tí ó ga dé ìbàdí ènìyàn lè sá pamọ́ bí adìẹ.

"Baba, ìkòkò mi ńkọ́?"

Baba Oníná, ẹni tí ó ti ń ṣọ́ ààrò ilé iṣẹ́ amọ̀ náà láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò tilẹ̀ yíjú. "Ó wà nínú iná. Ìdí pátápátá ni mo gbé e sí. Àwọn ẹyẹ amọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ò sì ráyè, mo bá kó gbogbo wọn sínú rẹ̀. Ìkòkò rẹ ti di ìtẹ́ ẹyẹ."

Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ amọ̀kòkò mẹ́jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni ilé iṣẹ́ náà pè wá gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá àárín ìlú ní ìparí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àfihàn náà. Iná òwúrọ̀ yìí ni iná ìkẹyìn. Àwọn tí yóò wá wo iṣẹ́ wọn ni yóò sì yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dúró níbẹ̀ fún ọdún méjì, tí yóò ní yàrá, amọ̀ àti ààrò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn yòókù ti mọ ogún, ọgbọ̀n. Ìkòkò kan péré ni Jẹ́jẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fún un ní orúkọ. Bí ìkòkò yìí kò bá dé gbọ̀ngàn, òfo ni yóò gbé lọ sí ilé, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dúró láti sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀.

Ìkòkò náà kò sì tíì gbẹ. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó rí ìlà tín-ínrín kan ní ìdí rẹ̀, ó sì fi amọ̀ tútù nípọn bí ìka mẹ́ta kún un láti inú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kàn án yóò gbà pé ó yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jẹ́jẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan inú ìdí rẹ̀ ní àná, ó tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Kò sí amọ̀kòkò tí kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí amọ̀ tútù nínú iná. Bí ooru bá ti dé ọgọ́rùn-ún lójú aago ààrò, omi tí ó wà nínú rẹ̀ yóò wá ọ̀nà àbájáde, ìkòkò yóò sì bú bí ìbọn. Ìkòkò tí ó bú kì í sì í dá nìkan lọ.

"Baba, ìdí rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ṣebí mo kọ ìwé sílẹ̀ fún yín?"

"O kọ ọ́, ohun tí o kọ náà ni mo ṣe. O ní kí n máa sun ún."

"Mo ní kí ẹ má sun ún."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Baba Oníná yí ojú sí aago: ooru ti dé àádọ́rin ó lé méjì. Kò jiyàn, ó mọ̀ pé iná kì í dúró gbọ́ ẹjọ́. Ó yí irin gáàsì wálẹ̀ títí ọwọ́ iná fi kéré bí ahọ́n ológbò, ó sì ṣí ihò orí ààrò.

"Ṣé a ò lè gbé e jáde?"

"Ẹrù tó wà níwájú rẹ̀ tó igba, gbogbo rẹ̀ ló sì ti gbóná. Kí á tó fà á yọ, a ó ti fọ́ ìdajì. Ọ̀nà kan ló kù: kí á dá ooru dúró sí bí ọgọ́rin títí di ìrọ̀lẹ́, kí omi yẹn máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan á ti lọ nìyẹn. Alábòójútó gbọ́dọ̀ gbọ́." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà. "Má fọwọ́ kan irin yẹn."

Ó jáde. Ó ku Jẹ́jẹ́, ó ku iná, ó ku ìwé pélébé tí Baba ti fi kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Ó sún mọ́ ọn. Ọwọ́ òun gan-an ni, pẹ́ńsù òun gan-an ni: *Baba, e ma sun ikoko nla mi.*

Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń lọ sí gbọ̀ngàn ni ó ń fọn fèrè ní ìrọ̀lẹ́ àná. Orí ẹsẹ̀ kan ni ó ti kọ ọ́. Àwọn àgbà tí ó kọ́ wa ní ìwé kì í fi ojú kékeré wo irú èyí. *Má* ni a fi ń dá ènìyàn lẹ́kun, *máa* ni a fi ń rán an níṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ méjèèjì ní *ma* lásán kò tíì sọ nǹkan kan, ẹni tí yóò kà á ni ó fi ẹnu rẹ̀ yá. Baba ti kà á bí olóore ti í ka ìwé: ọmọ yìí kò ní tètè jí, ó ní kí òun máa bá iṣẹ́ lọ.

Jẹ́jẹ́ rántí ìwé àdéhùn tí ó fọwọ́ sí. Ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá fi iṣẹ́ ẹlòmíràn sínú ewu nínú ààrò, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní sí nínú àfihàn. Ó sì mọ òfin tí ó de àwọn òṣìṣẹ́: ẹni tí ó bá sun ohun tí oníǹkan kò ní kí ó sun, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pẹ́ńsù àná ṣì wà ní etí rẹ̀. Ó yọ ọ́. Ìlà kan ni, tí kò gùn tó ẹsẹ̀ èèrà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, lórí *a* kan ṣoṣo. Ó fà á. Ó ti dá pẹ́ńsù padà sí etí kí ó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta.

Alábòójútó ni ó kọ́kọ́ wọlé, obìnrin kúkúrú tí dígí rẹ̀ máa ń rọ̀ sí i láyà. Ẹlẹ́yẹ tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ tíì so okùn bàtà. Ọgọ́fà ẹyẹ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí mọ, kò sí èyí tí ó ju àtàǹpàkò lọ. Òkè òkun ni ìyá rẹ̀ bí i sí, ṣùgbọ́n pàṣán ni ó fi ti Yorùbá sí i lẹ́nu. Ó ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n má pe òun ní Ẹlẹ́yẹ, kí àwọn ẹbí ìyá òun má baà rò pé òun ń fò lóru. Ẹ̀bẹ̀ náà ni ó jẹ́ kí orúkọ náà mọ́ ọn lára.

"Àwọn ẹyẹ mi ló wà nínú ìkòkò tó fẹ́ bú?"

"Kò tíì bú," ni Baba wí.

"Mo mọ̀ pé kò tíì bú, Baba. Etí mi ò di."

Alábòójútó na ọwọ́ mú ìwé lára ìṣó. Ó gbé dígí sójú. "'Ẹ má sun ìkòkò ńlá mi.' Àmì wà lórí rẹ̀, Baba. Kí lẹ kà?"

Baba Oníná gba ìwé náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé.

"Mi ò rí i," ni ó wí. "Lẹ́ẹ̀mejì ni mo kà á láàárọ̀. Mi ò rí i."

"Ṣé ẹ wọ dígí yín?"

"Mo wọ̀ ọ́."

"Jẹ́jẹ́, ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà."

Kì í ṣe irọ́, ohun tí ó sì jẹ́ kí ó korò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹni tí kò rí àmì," Ẹlẹ́yẹ wí, "ṣé aago ló máa rí?"

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ẹni tí ò ń bá wí ju bàbá rẹ lọ."

"Mo tọrọ gáfárà, mà. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dá mi lóhùn."

Baba ni ó dá a lóhùn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Òótọ́ ló sọ. Ó ti tó ọdún kan tí ìyàwó mi ti ń sọ pé iyọ̀ ni mò ń dà sí tíì. Mo ní ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni." Ó tọ́ka sí àpótí ìjókòó rẹ̀. "Jẹ́jẹ́, wá jókòó. Ìkòkò rẹ ni, o ò ní sùn lọ. Bó bá ti kọjá àádọ́rùn-ún, yí i wálẹ̀. Má wo iná. Aago ni kí o máa wò."

Jẹ́jẹ́ jókòó. Ọgọ́rin. Ọgọ́rin ó lé mẹ́ta. Ó yí irin náà, kò gbọ́ràn. Ọgọ́rin ó lé mẹ́sàn-án. Àádọ́rùn-ún ó lé kan. Òógùn ṣàn wọ ojú rẹ̀. Ọwọ́ Baba gbéra, ó fẹ́ mú irin náà, ó sì tún ká ọwọ́ náà mọ́ra. Ọkùnrin tí ó ti ń ka aago yẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún tẹ orí ba lẹ́yìn rẹ̀, ó ní:

"Mélòó ló wà níbẹ̀? Bá mi kà á."

Jẹ́jẹ́ yí irin náà títí ó fi gbà. Ó ní, "Baba, ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Àmì yẹn ò sí níbẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí ẹ jáde ni mo fi sí i."

Alábòójútó fi itọ́ kan ìka, ó fi ra àmì náà. Ó pa rẹ́ di dúdú sí i níka. Ẹlẹ́yẹ ní, "Ìwọ Jẹ́jẹ́!" Ó jókòó sílẹ̀.

Baba Oníná sún mọ́ aago, ó tẹ̀ ba. "Ọgọ́rin ó lé méje," ni ó kà. "Ṣé òun ni?"

"Òun ni, Baba."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. "Dìde lórí àpótí mi."

"Nítorí àmì tí o kò kọ," Alábòójútó wí, "iṣẹ́ rẹ ò sí nínú àfihàn. O ti fọwọ́ sí i. Nítorí àmì tí o kọ, wàá kọ ohun tí o ṣe sínú ìwé, wàá sì kà á sétí gbogbo wọn lọ́sàn-án òní."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Kí àmì rẹ̀ pé."

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Baba gbé dígí pélébé kan sí ihò orí ààrò láti wò bóyá omi ṣì ń yọ, dígí náà kò fi omi hàn. Ìgbà náà ni ó tó yí iná sókè. Wọ́n ṣí ààrò ní Ọjọ́bọ̀. Ìkòkò náà jáde láìní ìlà kan lára, ó pọ́n bí ẹyìn. Apá Jẹ́jẹ́ ni ó gùn jù, òun ni ó ń na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ń kó ẹyẹ jáde, tí Ẹlẹ́yẹ ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń kà.

"Ó ku kan."

"Kò ku nǹkan kan mọ́."

"Ó ku kan, mo ní."

Ó tún na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó rí i, ó fún un. Ẹlẹ́yẹ gbà á, kò kí i.

Iṣẹ́ ẹni méje ni ọkọ̀ gbé lọ sí gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ariwo rẹ̀ lọ tán, Baba Oníná gbé korobá omi wá, ó da á sínú ìkòkò tí ó dúró ní àgbàlá, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ láti wò bóyá yóò jò. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Baba, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Ìdí ìkòkò ni mò ń wò," ni Baba wí. "Dúró ná."