S Ni Wọ́n Fún Mi

Ilé ti parí. Bẹ́ǹṣì ti dé, a ti kun ojú pátákó ìkọ̀wé ní dúdú, àwọn òbí sì ti ń béèrè ọjọ́ ìwọlé. Orúkọ nìkan ni kò sí. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí a kọ́ sí Ijoko ní Ọ̀tà, tí mo torí rẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà mi sílẹ̀, kò ní orúkọ, nítorí pé Múyìwá ọkọ mi sọ pé àfi kí orúkọ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, kí gbogbo ìdílé wa sì wà nínú rẹ̀.

M ni Múyìwá. J ni Jabez àkọ́bí wa, J náà ni Jemimah àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì á pín ọ̀kan lò. S ni èmi, torí Susanna ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ní láti wá ọ̀rọ̀ tí M, J àti S wà nínú rẹ̀, ibi yòówù tí wọn ì báà jókòó sí. Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí? Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè ni, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Ọláoyè dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Globe, ó sì ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé òun, Bíọ́lá ìyàwó òun àti àwọn ọmọ àwọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí Múyìwá ti gbọ́ èyí ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ mọ́.

Ó ra ìwé atúmọ̀ èdè tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, ìwé ló wà lórí tábìlì. Bí mo bá ní kó wá bá mi gbé omi, ó ní òun ti dé J, kí n má da ọkàn òun rú. Ó tún gbààwẹ̀ lé e lórí. Èmi ò gbọ́ ọ rí pé ẹnìkan gbààwẹ̀ nítorí lẹ́tà.

Adjustment ló kọ́kọ́ mú wá. Mo sọ fún un pé àwọn àgbàlagbà àdúgbò ṣì rántí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn fojú wọn rí láyé ìjọba ológun, wọn ò ní fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mú Majesty wá. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin wa nìkan, Majesty wà, Majestic wà, Royal Majesty náà wà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í kí ara wọn. Mo ní Jerusalem ńkọ́? Ó ní orúkọ ìlú nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀, àti pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti jẹ ẹ́ tán. Jemimah ọmọ wa náà dá sí i. Ó jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé, ó ronú títí, ó wá sáré wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti rí i: Pyjamas. Gbogbo lẹ́tà ló pé lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ sùn, ní ọ̀sán gangan.

Ìwọlé ti ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà yẹn. Ìyá kan wá béèrè ohun tí òun máa ní kí télọ̀ kọ sí àpò yunifọ́ọ̀mù ọmọ òun. Mo ní kó fi àpò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná. Obìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń rò: àwọn wọ̀nyí tí wọn ò tíì mọ orúkọ ara wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ mi?

Ìbínú ni mo fi jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè náà fúnra mi lọ́jọ́ kejì. Mo ń ṣí i lọ, n kò tilẹ̀ kà á dáadáa, ni ojú mi bá bọ́ sórí Major. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. M wà níbẹ̀. J wà níbẹ̀. A wà níbẹ̀ fún Àmọ̀dá baba mi, tí wọ́n fún wa nílẹ̀ tí a kọ́ ilé-ìwé náà sí, tí wọn ò sì gba kọ́bọ̀. R náà wà níbẹ̀. Ìdùnnú mi pọ̀ débi pé n kò rántí wọ bàtà. Mo gbé ìwé náà lọ bá Múyìwá lẹ́yìnkùlé.

“Dádì Jabez, ẹ wo eléyìí. Gbogbo wa ló wà nínú rẹ̀, títí kan bàbá mi.”

Ó fi ìka tẹ̀lé e, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó mi orí. “Ó dára o. Ó ní agbára. Ṣùgbọ́n S dà?” Ó tún un wò. “Ta ni R?”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ì bá jẹ́ pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá sàn. Ó ń béèrè tọkàntọkàn, ó ń ka àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kàn, kò sì rí ẹni tí R jẹ́. Ruqoyah ni orúkọ mi. Ruqoyah ni mò ń jẹ́ nígbà tó ń dúró dè mí lẹ́nu géètì ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni lójoojúmọ́ ní Oju Ore, tó ń pè é bí ẹni pé adùn wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí a fẹ́ ṣègbéyàwó ni Pásítọ̀ Fákọ̀yà ní Ruqoyah kò lè bá mi wọ inú omi ìrìbọmi, àfi kí n gba orúkọ inú Bíbélì. Ifá wà níwájú orúkọ tirẹ̀, kò sì yọ ọ́ o. Mo gba Susanna torí mo fẹ́ràn ọkọ mi. Baba mi kò jà. Wọ́n kàn ní kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa pè mí ní ohun tó bá wù wọ́n, lẹ́nu tàwọn, Ruqoyah ni.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ Múyìwá. Ó ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ wá tàn.

“Mo ti mọ̀ ọ́n. A ó kàn fi S sí i níparí. Majors. Ìyẹn ni tìẹ. Ẹ̀yin obìnrin ò lè ráhùn báyìí.”

Bí mo ṣe di S ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn, èyí tí èèyàn lè yọ kúrò kí ọ̀rọ̀ náà má sì mọ̀ pé ohun kan sọnù. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Inú ń bí mi, ó sì ń dùn mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Múyìwá rán mi lọ bá Fàlílù tó ń kọ pátákó ní Oju Ore. Èmi àti Fàlílù jọ lọ ilé kéú ni, a jọ jẹ pàṣán ni. Ó ti kun pátákó wa ní funfun, ó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí.

“Ruqoyah, kí ni kí n kọ?” ó béèrè.

Ẹnu mi ń yún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré, orúkọ mi, ni ǹ bá sọ, ì bá kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, ilé wa ì bá sì dàrú. Mo sọ Majors fún un. Ó kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n pátákó náà kò gbẹ bọ̀rọ̀ nítorí òjò, a sì ṣílé-ìwé láìsí i. Àwọn ọmọ ṣáà wá. Baba mi ti sọ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ àwọn ti dá ilé-ìwé sílẹ̀, àwọn ará Ọ̀tà sì ń sọ fún ara wọn. Àwọn tó ṣí wá sí àdúgbò láti Èkó náà tẹ̀lé wọn wá. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń pe ibẹ̀.

Nígbà tí pátákó gbẹ, Múyìwá gbé e kọ́ fúnra rẹ̀, ó sì pe Pásítọ̀ Fákọ̀yà pé kó wá ya ilé-ìwé sí mímọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé. Àwọn òbí ti péjọ, àwọn ọmọ ti tò, pásítọ̀ kò dé. A dúró títí oòrùn fi mú. Nígbà tó yá, fóònù Múyìwá dún, ó sì tẹ ẹ́ sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Brother Múyìwá, mo ti béèrè Majors lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́kadà tó wà níbi bọ́sítọ́ọ̀pù yìí. Wọn ò mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé fóònù fún ọ̀kan nínú wọn.”

Ohùn ọlọ́kadà wọlé, ariwo ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, Majors wo? Ṣé bárékè sójà ni? Kò sí bárékè níbí o.”

“Ilé-ìwé ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ oko Alhaji Àmọ̀dá.”

“Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀? School Ruqoyah. Ṣé school Ruqoyah lẹ̀ ń wí?”

Múyìwá gbójú sókè wo pátákó tó gbé kọ́. Àwọn òbí ń wò ó. Àwọn ìyá tó jẹ́ ọmọ Ọ̀tà ń mi orí, torí lójú tiwọn ọ̀rọ̀ ti yanjú. Jabez àti Jemimah ń wo ara wọn.

“Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n, epo mi ń jó dànù. Ṣé ibẹ̀ ni àbí ibẹ̀ kọ́?”

“Ibẹ̀ ni,” Múyìwá sọ. “School Ruqoyah.”

Láti ọjọ́ tí mo ti jáde nínú omi ìrìbọmi, n kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo ti rò pé bí mo bá gbọ́ ọ, inú mi máa dùn. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú tún bí mi pé ọlọ́kadà tí n kò mọ̀ rí ló ní láti fipá gbà á lẹ́nu ọkọ mi.

Ó pa fóònù, ó sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“O ò sọ fún mi pé o ṣì ń fẹ́ orúkọ yẹn.”

“Ẹ ò béèrè,” ni mo wí, mo sì lọ ṣí géètì fún pásítọ̀.