Kẹ́hìndé Sùn Síbí

Ní ilé àwọn Hassan ní Ibido, ní Ṣàgámù, Hussain kò kú. Èkó ló lọ. Ta ló fẹ́ sọ nǹkan mìíràn? Ìbejì kì í kú lẹ́nu àwọn tó bí i. Bí ọ̀kan bá ṣáájú, wọ́n á ní ó lọ sí Èkó, ó lọ ra nǹkan wá fún èkejì rẹ̀, kí èyí tó kù má baà gbọ́, kó ní òun náà ń bá a lọ. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Hassan ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí wọ́n sọ fún òun náà nìyẹn. Ẹ bá mi wò ó!

Gbogbo àdúgbò ló sì mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Obì gbàǹja ni wọ́n ń tà nílé wọn. Bàbá wọn tà á títí ó fi kú, àwọn ìbejì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń bá ọkọ̀ obì lọ sókè Ọya. Ìrìn kan báyìí, Hussain nìkan ló lọ. Ọkọ̀ dojú dé lẹ́bàá Mọ́kwá. Kí ìròyìn tó dé Ṣàgámù, àwọn mùsùlùmí ibẹ̀ ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Hassan kò rí òkú, kò rí sàréè. Ìyá rẹ̀ nìkan ni Hassan rí, Ìdíátù, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ìbejì. Orí ẹní ló jókòó sí, ojú rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, ó ní, "Hassan, èkejì rẹ ti lọ sí Èkó." Kò sunkún. Hassan náà kò sunkún. Báwo lèèyàn ṣe ń sunkún ẹni tó lọ sí Èkó?

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ra fìlà fún un, méjì ni. Bí ó bá ra bàtà, méjì ni. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì, dandan ni kí wọ́n ṣe é fún èkejì, kí inú má baà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Fìlà àti bàtà ń kún yàrá Hussain. Lọ́dún Iléyá, wọ́n bu ẹran sínú abọ́ méjì. Ológbò ló jẹ ti Hussain mọ́jú, gbogbo ilé rí i, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Hassan kò rí nǹkan kan tó dùn mọ́. Ó ń jẹun bí ẹni ń jẹ ewé. Fàdìlàt, àbúrò wọn obìnrin, ló fún un nímọ̀ràn.

"Bọ̀dá mi, ẹ ò ṣe padà sídìí géèmù yín yẹn? Ìgbà tẹ́ ẹ fi ń ṣe é, ẹ̀rín yín kì í jẹ́ ká sinmi nílé yìí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ géèmù, ẹ má tíì máa wo àwòrán lọ́kàn yín. Ọdún 1998 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ọkùnrin ará Ìkẹ́nnẹ́ kan, Ọláwọlé, ọmọ ìjọ Ọjọ́ Keje, kó kọ̀ǹpútà mélòó kan sínú ṣọ́ọ̀bù, ó so wọ́n mọ́ okùn fóònù. Okùn náà á kọ́kọ́ ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, lẹ́yìn náà íńtánẹ́ẹ̀tì á dé. Géèmù náà, ọ̀rọ̀ lásán ni, lédè òyìnbó. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ pé: O dúró lójú ọ̀nà, igbó wà níwájú rẹ. Ìwọ náà á kọ ọ́ pé o fẹ́ wọ igbó, ó sì gbé ẹ wọ̀ ọ́. Ìlú ńlá kan ni, àwọn èèyàn láti ilẹ̀ òkèèrè ń wọ̀ ọ́ láti ìdí kọ̀ǹpútà tiwọn, kálukú pẹ̀lú orúkọ àti iṣẹ́ tó bá wù ú. Hassan di jagunjagun, ó pe ara rẹ̀ ní Táyé. Hussain pe ara rẹ̀ ní Kẹ́hìndé, ó sì kọ ogun jíjà. Ọmọ onísòwò! Gbogbo ayé ń lé ẹranko abàmì kiri, òun tẹ́ ẹní sọ́jà, ó ń ta ewé ìwòsàn fún àwọn tí ẹranko bù jẹ. Hassan á kọ́kọ́ wọlé, á tọ́ ibẹ̀ wò bí Táyé ṣe ń tọ́ ayé wò, á wá yíjú sí àga kejì pé, "Ó dùn. Máa bọ̀."

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Ajé kan. Ọláwọlé rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sì na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kejì ń bọ̀. Ìgbà tó rántí, ó sáré wolẹ̀.

"Káàbọ̀, Hassan."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

Ó jókòó. Okùn ké. Ìlú ṣí.

Ṣé ó dùn? Kò dùn o. Kí ni mo fẹ́ purọ́ fún? Ó rìn lójú ọ̀nà kan náà, ó wọ igbó kan náà, ó pa ẹranko kan, kọ̀ǹpútà kí i kú iṣẹ́, ó sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n kí lédè tí kò gbọ́. Àwọn tí wọ́n jọ máa ń jagun ti lọ. Ọjà dá páropáro. Ó ti fẹ́ dìde, ó kàn ní kóun yà sí ilé ìsinmi, níbi tí kálukú máa ń sùn sí bó bá ti kúrò nínú géèmù. Ó wọlé. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé:

Yàrá tútù nìyí. Kẹ́hìndé sùn síbí.

Ọwọ́ Hassan kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó kà á, ó tún un kà. Ọdún kan ń lọ, ọ̀pọ̀ òjò ti rọ̀ ní Mọ́kwá, Hussain sì sùn síbí. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ni ìlú náà kọ ìkìlọ̀ kan: ẹni tó bá sùn kọjá ọdún kan, àwọn á gbé e jáde, àwọn á sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

"Kò ṣeé ṣe," ni Hassan wí sókè.

Ó mọ pásíwọ́ọ̀dù Hussain. Inú ikùn kan náà ni wọ́n ti wá, kí ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́ fúnra wọn? Ó bọ́ sórí àga kejì, ó tan kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, ó wọlé lórúkọ èkejì rẹ̀. Ó wá yíjú padà wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Kẹ́hìndé lajú. Kẹ́hìndé dìde.

Orí Hassan wú. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí gan-an, ara mi ò lélẹ̀. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ló jí i. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Síbẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó dìde. Ó kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà Hussain pé, "Táyé, o pẹ́ o," ó sì ka ọ̀rọ̀ náà lórí tirẹ̀: Kẹ́hìndé sọ pé, Táyé, o pẹ́ o. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ga débi tí Ọláwọlé fi yọjú.

Láti ọjọ́ yẹn, géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tó sì bà mí lẹ́rù níbẹ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni Hassan ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ohun tí Táyé bá rí nínú igbó, á pín in sí méjì, á gbé ìdajì fún Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé á dúpẹ́. Nílé, ó ń jẹun, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà. Ìyá Ìbejì ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúà òun. Kò sẹ́ni tó bojú wo agbọ̀n obì tí Hassan kò pààrọ̀ ewé rẹ̀ mọ́, tí kòkòrò ti ń lu ú láti ìsàlẹ̀.

Fàdìlàt gbé oúnjẹ lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó bá a láàárín àga méjì. Hassan á jókòó sí tòsì, á béèrè ọ̀rọ̀ kan sókè. Á sún sí tọ̀tún, á wúkọ́ díẹ̀, á sì dáhùn. Ohùn tó fi ń dáhùn ń fà díẹ̀díẹ̀. Hussain ló máa ń fà á bẹ́ẹ̀. Òun ló sì máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá mi, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Orí àga ọ̀tún ló wà. Ó yíjú sí i. "Kí lo gbé wá fún wa?"

Fún wa! Ọmọbìnrin náà gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó jáde, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Òun ló rán an padà sídìí géèmù. Ó rí i kedere pé ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún wọn ti fẹ́ máa lọ, bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ọ́ nílé, torí ẹni tó bá máa sọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé Hussain ti kú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Hassan kírun Jímọ̀ tán, ó forí lé Ìkẹ́nnẹ́. Ọláwọlé ní kó ṣe kíá o, oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá òun ní ṣọ́ọ̀bù, Sábáàtì ń bọ̀. Hassan ní ó ti yé òun. Ó ń fi Kẹ́hìndé rìn lọ́jà nígbà tí obìnrin kan wọlé síbẹ̀. Marta lorúkọ rẹ̀, ìlú òtútù kan ló ti ń kọ̀wé wá. Hassan kò mọ̀ ọ́n rí.

"Kẹ́hìndé!" ni obìnrin náà kọ. "Ìwọ nìyẹn? Ìwọ gan-an?"

Hassan ṣiyèméjì, ó kọ ọ́ pé, "Èmi ni."

"Mo ń wá sọ́jà yìí ṣáá láti wá ẹ. O rántí ìyá mi tó ń ṣàìsàn, tó o ní o máa ṣàdúà fún? Ó kú. Mo fẹ́ sọ fún ẹ, mi ò rí ẹ."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, gbangba. Ó kú. Ilẹ̀ kò lanu, ilé kò wó. Hassan tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Hussain mọ obìnrin yìí, ó ti ṣàdúà fún ìyá rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fóun rí. Ẹni tóun ń fi ẹnu òun sọ̀rọ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá, òun kò mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run tù ú nínú.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Marta béèrè. "Ibo lo wà?"

Ìka Hassan kọ ọ́ fúnra rẹ̀: "Mo lọ sí Èkó."

Obìnrin náà dáhùn pé, "Ọlọ́run ṣeun. O ní o fẹ́ bá ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, mi ò gbúròó ẹ mọ́. Mo ti gbà pé o kú. Mo jókòó sílé, mo sunkún ẹ."

Hassan dìde. Ó tún jókòó. Obìnrin òyìnbó tí kò rí Hussain sójú rí ti sunkún rẹ̀, òun tí wọ́n jọ pín ikùn kò tíì ṣe é. Ojú ti í. Ó tì í débi tí etí rẹ̀ gbóná.

"Hassan, oòrùn ti ń wọ̀ o," ni Ọláwọlé ké láti ẹnu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín. Ẹ fún mi láyè ọ̀rọ̀ kan."

Ó dìde lórí àga Hussain. Ó bọ́ sórí tirẹ̀, ó mú Táyé wọ ọjà wá, ó sì kọ ọ́ pé:

"Marta, èmi ni àbúrò rẹ̀. Èmi ni mò ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Má bínú. Kẹ́hìndé ti kú."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó jáde lójú kọ̀ǹpútà Hussain náà: Táyé sọ pé, Kẹ́hìndé ti kú. Hassan yíjú sí ibẹ̀. Ó ń retí. Kẹ́hìndé kò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga náà.

Ọláwọlé wọlé láti wá pa iná, ó bá a tó dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Oòrùn wọ̀, Sábáàtì dé, ọkùnrin náà kò sì lé e jáde. Ó jókòó tì í títí omi ojú rẹ̀ fi tán.

Nígbà tí Hassan délé, Ìyá Ìbejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Fàdìlàt, wọ́n ń ṣa obì tó ti bàjẹ́ kúrò nínú agbọ̀n. Hassan lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, níbo ni wọ́n sin Hussain sí?"

Ìyá Ìbejì kò gbójú sókè.

"Mọ́kwá."

"Mo mọ Mọ́kwá. Ibo ní Mọ́kwá?"

"Mi ò mọ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Sàídì tó wa ọkọ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Ó ní òun á mú mi lọ wò ó, mo ní rárá. Bí mo bá débẹ̀, mo máa sunkún, ojú mi á sì wú bọ̀ wálé, wàá rí i. Èmi ni mo bí i o, Hassan. Mo fẹ́ sunkún ọmọ mi, mo ń gbé e mì, nítorí kí ìwọ má baà bá a lọ."

"Mi ò lọ, Màámi. Mo wà níbí."

Ìyá Ìbejì gbójú sókè, ó wò ó dáadáa, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni igbe já lẹ́nu rẹ̀. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi fi oúnjẹ sílẹ̀, tí wọ́n sáré wọlé, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló kú.

Hassan ló dìde, ó sọ fún wọn.