Àdírẹ́sì Ingunn

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rán ẹnu àpò yẹn."

Burulsun dá abẹ́rẹ́ dúró. Ẹní irun àgùntàn ló wà nínú àpò náà. Òun àti Aizirek, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ni wọ́n jọ fi gbogbo ìgbà òtútù ṣe é nílé wọn ní abúlé Kochkor. Obìnrin ará Nọ́wè kan tó ń jẹ́ Ingunn ti rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti sanwó.

"Kí ló tún dé?"

"Obìnrin yẹn ló kọ̀wé. Ó ní ká má fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó fi rà á mọ́. Ó fún wa ní òmíràn, nílùú mìíràn."

"Ìyẹn náà lò ń tìtorí ẹ̀ fajú ro? Kọ òmíràn sí i, ká máa lọ."

"Rárá o, Màmá. Àdírẹ́sì tó fi ra ọjà nìkan làwọn tó ni ìkànnì yẹn mọ̀. Tá a bá gbé e gba ibòmíì, tó wá ní òun ò rí i, wọ́n á dá owó ẹ̀ padà fún un. Ẹní á lọ, owó á lọ, a ò sì ní lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo ti ní kó fagi lé èyí tó kọ́kọ́ rà, kó fi àdírẹ́sì tuntun tún un rà. Mo ti dá owó ẹ̀ padà."

"O ti ṣe kí ni?" Burulsun pàtẹ́wọ́. "Ẹran tó ti dé ẹnu lo tu dànù yẹn! Ta ló máa ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì?"

Aizirek yẹ fóònù rẹ̀ wò. Ingunn ò tíì kọ̀wé padà.

Burulsun fa ẹní yọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì fìdí lé e. "Tí ò bá padà wá, àwa náà nídìí tá a lè fi jókòó."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Aizirek, ó gbé e mì. Ó bu tíì fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi búrẹ́dì sí i. Ìyá gbà á, kò dúpẹ́.

Tíì ti tutù kí fóònù tó dún. Aizirek wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Ó ti tún un rà, Màmá! Ó ní: 'Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dúró. Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá, mo ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Mi ò tètè rí i pé ilé àtijọ́ ni fóònù mi fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀. Àwọn àjèjì ni ì bá gba ẹní mi.'"

Opó ni Burulsun náà. Ó dìde, ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lórí ẹní náà, ó sì rọra ká a.

"Sọ fún un pé kó má gbé e kọ́ sára ògiri o. Ilẹ̀ ni kó tẹ́ ẹ sí, kí òun àtọmọ ẹ̀ jókòó lé e."

"Màá sọ fún un, Màmá."

"Mú kálàmù wá. Èmi ni màá kọ àdírẹ́sì náà sára àpò."

Aizirek ń pe lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan, Burulsun ń kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba. Nígbà tó parí, ó fún ojú pọ̀, ó wò ó.

"Tún un pè," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé mo fo ọ̀kan."