Bẹ́ẹ̀dì Inú Bọ́ọ̀sì Mánéjà

Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó sọ fún Adébíyì pé mánéjà báǹkì kò gbọdọ̀ sùn nínú mọ́tò. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ra bọ́ọ̀sì tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti táǹkì omi bí ilé, ó wá ń fi í pamọ́ bí ẹni tó jí i. Bí aládùúgbò kan ní Arkilla, àdúgbò wọn ní Sokoto, bá béèrè, á ní bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Kí òun àti Ṣìkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, fi í rìnrìn àjò ìsinmi lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wù ú, kí wọ́n máa dúró níbi tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé wọn wọ oko ọkà olóko.

"Bàbá Tóbi, ẹ lọ tún un ṣe," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Bó bá tún fà báyìí, mọ́tò èrò ni mo máa wọ̀ lọ sílé. Kí ẹ̀yin àti bẹ́ẹ̀dì yín máa bọ̀ lẹ́yìn."

Ẹ̀rù ba Adébíyì, nítorí obìnrin yìí kì í halẹ̀ lásán. Mẹkáníìkì pààrọ̀ sípíríìn, ṣọ́ọ̀kì àti búṣì iwájú. Ó wá ku aláìnmẹ́ǹtì, kí àwọn táyà lè kọjú síbi kan náà. Mánéjà wa bá ronú jinlẹ̀. Ìdajì oníbàárà rẹ̀ ló ń gba Kofar Doya kọjá, níbi tí Àmínù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sokoto, ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó tú bẹ́ẹ̀dì, ó gbé sítóòfù kúrò, ó da omi táǹkì nù. Ọgbọ́n kún orí rẹ̀.

"Sannu da zuwa, Mánéjà," ni Àmínù kí i. "Ṣé bó ṣe máa ń ṣófo rìn nìyí? Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni táyà ṣe máa ń kọjú."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni Adébíyì fèsì, ojú kò tilẹ̀ tì í. Àmínù bá to táyà rẹ̀ bíi ti bọ́ọ̀sì òfìfo.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ ti Adébíyì kò tiẹ̀ dé Wamakko, ìlú ìtòsí tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀sì lọ láti dán an wò. Ó ti kó gbogbo ẹrù padà sínú rẹ̀, bọ́ọ̀sì ń fà sọ́tùn-ún, òun ń fi apá méjèèjì wọ́ ọ padà, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń bọ́.

"Ẹ fọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀," ni Ṣìkẹ́mi wí.

Ó fọwọ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kọjú sígbó tààrà.

Ṣìkẹ́mi bojú wẹ̀yìn. "Ṣé bẹ́ẹ̀dì yìí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tò ó?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i ni. Ìyá Tóbi, jọ̀ọ́, má wọ mọ́tò èrò. Torí tìẹ ni mo ṣe rà á."

"Ẹ rà á torí mi, ẹ wá ń tijú rẹ̀? Ẹ yí padà. Ó di Kofar Doya."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ṣìkẹ́mi ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Àmínù rí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Kai! Ẹ̀yin náà ẹ wọlé síbi tí ẹ máa wà lójú ọ̀nà, kí n lè tò ó dáadáa."

"Èmi ni mo máa wakọ̀," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Mánéjà, ẹ lọ sùn."

Bẹ́ẹ̀ ni mánéjà ṣe nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti táì lọ́rùn. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń kọjá tẹjú mọ́ ọn, ó kí i pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. "Ranka ya daɗe, Mánéjà!" Adébíyì gbọ́wọ́ sókè láti orí ìrọ̀rí.

Àmínù parí, ṣùgbọ́n Ṣìkẹ́mi kò kúrò nídìí sítíárì.

"Ẹ má dìde," ó ní. "Ẹ sùn bẹ́ẹ̀ dé Arkilla, kí gbogbo ìlú kí yín tán. Lọ́la, a jọ ń lọ sílé."