Ibùjẹ Ẹran Tí Délé Tẹ́ Mi Sí

Délé tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ó ṣẹ̀ mí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, bí a ti ń kọ orin Kérésìmesì lọ́wọ́ nínú ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ ìwé kà. Àkọ́sórí ni gbogbo orin mi, ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé kí olúkúlùkù mú ìwé orin lọ́wọ́. Mo dorí tèmi kodò láìmọ̀. Délé ya fídíò rẹ̀, ó sì gbé e sórí ayélujára kí aráyé lè fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní òru àná, mo lá àlá pé inú ibùjẹ ẹran ni mo dùbúlẹ̀ sí, èmi àgbàlagbà, pẹ̀lú ìwé orin láyà. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn yí mi ká, fóònù ni wọ́n gbé dání dípò ọ̀pá, wọ́n ń kọrin:

“Ẹ wá fi àtàǹpàkò júbà,
A bí ẹni ẹ̀sín fún wa;
Ẹ pín in kárí ayé
Kí dátà wa tó tán!”

Mo kígbe pé, “Délé, pa fídíò yẹn rẹ́!”

Ó ní, “Bàbá Bísí, ẹ fara balẹ̀, àwọn amòye ṣì ń bọ̀ wá wò yín.”

Èyí tí ó bí mi nínú jù ni pé ẹnu mi là fúnra rẹ̀, mo sì ń gbé béèsì orin náà fún wọn! Ìyàwó mi ni ó jí mi: “Irú orin wo lẹ̀ ń kọ yìí?”

Ìwé mi dorí kodò, ṣùgbọ́n n kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan kọ. Fóònù Délé dúró gangan, kò sì kọ orin kankan. Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí: ta ni ó ba ìsìn jẹ́?