Ẹ̀gẹ́ Ló Jẹ́rìí sí Tránsífò

Grégoire, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Dassa, wọ ìsọ̀ Ràṣídì bí ẹni tó ń wọ ihò ejò. Ẹsẹ̀ kan wà nínú ìsọ̀, èkejì wà lójú ọ̀nà, kó lè rọrùn láti sá. Ó gbá dùùrù oníná mọ́ àyà, ó fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun, ojú rẹ̀ sì ń yí kiri bí ojú ọ̀gà.

Dominique, àbúrò rẹ̀, ló fi dùùrù náà ránṣẹ́ láti Libreville. Ó gba orí omi, ó gba orí ọkọ̀ akẹ́rù, ó dé Dassa láìfarapa. Àmọ́ tránsífò rẹ̀, àpótí kékeré tó ń bu iná ara ògiri kù fún un, sọnù sọ́nà. Láti ìgbà náà, píìlì, òkúta tọ́ọ̀ṣì, mẹ́fà mẹ́fà ni dùùrù ń jẹ. Ká sọ òótọ́, kì í jẹ ẹ́, ṣe ló ń gbé e mì. Bí wọ́n bá ki píìlì tuntun sí i nígbà Kírié, kó tó di Gílóríà, ohùn rẹ̀ á ti máa ṣe bí ohùn àgùntàn tí ọ̀fìnkìn mú. Bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò mímọ́ Arigbo ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èèyàn á pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn òkè Dassa fúnra wọn á sún sẹ́yìn. Fádà sì ti kìlọ̀ fún Grégoire: dùùrù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, bó bá jóná, kó máà wá ojú òun.

Ta ló ń ta tránsífò ní gbogbo Dassa? Ràṣídì ni. Ta ló ń ra òkú rédíò tó jóná, tó ń tú ìfun inú rẹ̀ tà? Ràṣídì náà ni. Ohun tó ń jẹ Grégoire lọ́kàn nìyẹn. Ẹni tó ń ta oògùn tó tún ń gbẹ́ sàréè, ta ló máa fọkàn balẹ̀ gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀?

"Ọ̀gá akọrin, ẹ wọlé tán ná. Àbí ìdajì ara yín ni mò ń kí?"

"Mo wà níbi tí mo wà, Bàbá Sàfúrátù. Tránsífò ni mo wá rà."

Ràṣídì yí dùùrù dojú dé, ó fi ìka tọ́ ìwé pélébé tó wà nídìí rẹ̀. "Ẹ wò ó. Fọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án ló ń fẹ́. Bí ẹ bá fún un ní méjìlá, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀ ní Parakou. Ẹ tún wo àwòrán yìí. Ẹnu tránsífò, fíìṣì rẹ̀, mùwẹ́n, ìyẹn àmì àyọkúrò, ló gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀, kí pulúsì, àmì àròpọ̀, wà lára òde. Bó bá yí sódì, iná á gba ibi tí kò yẹ wọlé, dùùrù á sì kú fin-ín."

Ó fa tránsífò kan yọ láàárín ọgọ́rùn-ún wáyà tó lọ́ mọ́ra. Fíìṣì rẹ̀ bá ihò dùùrù mu ṣìnkún. Mẹ́sàn-án tó wà fún fọ́ọ̀tì ṣì hàn lára rẹ̀, àmọ́ ibi tó yẹ kí àwòrán wà, nǹkan ti họ ọ́ lọ.

Grégoire fa dùùrù sẹ́yìn. "Ta ló họ ibí?"

"Eku ni."

"Eku tó mọ̀wé ni? Ó fi fọ́ọ̀tì sílẹ̀, àwòrán nìkan ló jẹ!"

"Mo fi Ọlọ́run búra, ọ̀gá akọrin, mùwẹ́n ló wà láàárín. Mo rántí ọjọ́ tí mo rà á ní Cotonou."

"Ẹ rántí? Ẹ̀yin tí ẹ gbàgbé orúkọ ìyàwó yín kejì lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ rẹ̀!"

Ràṣídì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ó dáa. Iṣu ni yóò parí ẹjọ́ yìí. Bí a bá fi wáyà bàbà méjì gba iná láti ẹnu tránsífò, tí a gún wọn mọ́ iṣu tútù, ẹ̀gbẹ́ èyí tó jẹ́ pulúsì á di àwọ̀ ewé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi hàn mí. Ẹ lọ mú iṣu wá."

Iṣu! Ara Grégoire bù máṣọ. Oṣù kẹjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Iṣu àtijọ́ ti tán ní Dassa, ti abúlé Tré náà ti tán. Iṣu tuntun ló wà nínú ebè, àwọn àgbà kò sì tíì gé e. Kátólíìkì ni Grégoire lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gan-an ló ń gé iṣu àkọ́kọ́ fún ìdílé wọn. Olórí akọrin tó bá fi ọ̀bẹ kan iṣu tuntun ṣáájú àgbà, lójú ọjà, kí oòrùn tó yí, ìròyìn á ti dé Gbaffo pé igba ebè ló jẹ ní tútù, tòun ti èèpo.

"Ẹ́n-ẹ́n! Ọgbọ́n yín ti hàn," ni Grégoire wí. "Ẹ fẹ́ kí n jẹ èèwọ̀. Kò sí iṣu. Ẹ̀gẹ́ la máa lò."

"Ẹ̀gẹ́ kẹ̀? N kò fi ẹ̀gẹ́ dán an wò rí."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Ohun tí ẹ kò dán wò rí, ẹ kò tíì mọ bí ẹ ṣe máa fi rẹ́ mi jẹ."

Ó pọn dùùrù sẹ́yìn, ó gba ọ̀dọ̀ Euphrasie tó ń ta ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọjà lọ. Ó yẹ ẹ̀gẹ́ mẹ́rìnlá wò, ó mú èyí tí ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó mọ Ràṣídì.

Nígbà tó padà, Ràṣídì tan gúrúùpù, ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀, ilẹ̀ ọjà sì ń gbọ̀n. Ó ki wáyà bàbà kan sáàárín fíìṣì, ó wé òmíràn mọ́ ara òde rẹ̀, ó gún méjèèjì mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n là. Ibẹ̀ ni Léonard, ọmọ ìgbìmọ̀ Ìyípadà tí ìjọba fi ń ṣọ́ àdúgbò, ti yọjú. Ọkùnrin náà lè rí ọ̀tẹ̀ nínú àwo ọbẹ̀.

"Ehuzu dandan!" Ó fi igbe Ìyípadà kí wọn, pé àyípadà di dandan.

"Dandan!" Àwọn méjèèjì dáhùn bí ẹni tí oyin ta.

"Kí lẹ gún wáyà mọ́ yìí?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, kàmáráàdì."

"Mo rí i pé ẹ̀gẹ́ ni. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀?"

"Òun gan-an là ń bi ní ìbéèrè," ni Ràṣídì wí. "Ibi tí pulúsì wà."

"Ó ti dáhùn?"

"Kò tíì."

Léonard fa àpótí kan, ó jókòó. "Ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá máa dáhùn, kó dáhùn níwájú mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ẹ̀gẹ́. Léonard ń ṣọ́ Ràṣídì, Grégoire ń ṣọ́ ọwọ́ Ràṣídì, Ràṣídì ń ṣọ́ wáyà. Díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìdí wáyà tó wá láti àárín ló yọ sí.

Ẹnu Ràṣídì là, kò lè pa á dé. "Àárín! Pulúsì ló wà láàárín!"

"Ohun tí ẹ fi Ọlọ́run búra lé lórí nìyẹn?" Grégoire pariwo. "Ìbá ti jó dùùrù mi!"

"Ọ̀gá akọrin, ẹ forí jì mí. Ìgbàgbé ni."

Ràṣídì ṣí fìlà, ó fi nu òógùn ojú rẹ̀. Èrò kan wá sí Grégoire lọ́kàn, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀ bí kiníìnì: ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ kì í fẹnu ara rẹ̀ pe ẹlẹ́rìí. Ó ti èrò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ràṣídì gé okùn tránsífò lọ́rùn, ó fi wáyà méjèèjì gba ipò ara wọn, ó so wọ́n, ó fi rọ́bà wé e. Grégoire ní kó tún bi ẹ̀gẹ́ léèrè. Ẹ̀gẹ́ ní ara òde ni pulúsì wà báyìí. Ó ní kó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Léonard fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé ẹ̀gẹ́ ti rojọ́ tó. Wọ́n ki fíìṣì bọ dùùrù. Iná pupa kékeré tàn. Grégoire fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ohùn tó jáde le débi pé ewúrẹ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ ní Savalou.

Lọ́jọ́ Arigbo, dùùrù kọ láti Kírié títí dé òpin, kò wúkọ́ rárá. Ọwọ́ ọ̀tún ni Grégoire fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì wà lórí tránsífò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, bí ìyá tó fọwọ́ lé iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn àwọn èrò, ó rí fìlà kan tó ń yọ lókè bí ẹni tó dúró lórí òkúta. Ràṣídì ni. Kí ni Mùsùlùmí yìí wá ṣe níbí?

Ràṣídì na àtẹ́lẹwọ́ síta, ó ń tẹ afẹ́fẹ́ wò, ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń béèrè: ṣé ó gbóná?

Grégoire mi orí pé rárá. Kò gbé ọwọ́ òsì kúrò.