Igbá Tó Gbé Ọwọ́ Mi Sókè

Ẹni tó bá mọ Ìfọ̀ láyé ìgbà tí ariwo rélùwéè ló ń jí wa láàárọ̀, ẹ bi í léèrè Bùrẹ́ímọ̀ alápatà. Kì í ṣe torí ẹran ni wọ́n ṣe mọ̀ mí, alápatà pọ̀ bí nǹkan míì. Èémí mi ni wọ́n mọ̀. Bí ẹnì kan bá dú àgbò, tó fẹ́ kí awọ rẹ̀ jáde lódindi láìní ojú ọ̀bẹ lára, kó lè rí i kírun lé lórí, èmi ló máa ránṣẹ́ pè. Màá lu ihò kékeré sí awọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, màá fẹnu sí i, màá fẹ́ ẹ. Àgbò á wú, awọ á kúrò lára ẹran, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á nà gbọọrọ. Àwọn alápatà yòókù á fẹ́ ẹ títí, wọ́n á jókòó sinmi, wọ́n á tún padà sídìí ẹ̀. Èmi kì í jókòó. Mo sì máa ń fi yangàn, n ò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tó ku bí ọdún mẹ́ta ká gba òmìnira, ikọ́ kan mú mi. Mo lo àgbo, mo lá oyin. Ikọ́ náà rọlẹ̀, àmọ́ èémí mi ò délẹ̀ mọ́. Ìhà mi ọ̀tún wúwo. Bí mo bá fi ìhà òsì sùn, àfi bíi pé ẹnì kan jókòó lé mi láyà. Mo ń rù, mo ń làágùn. Láti ilé dé ọjà tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ yára rìn, mo ní láti dúró nídìí igi kí n tó lè dé ìsọ̀ mi.

Àwọn ará ọjà, àwọn tí kò sóhun tí wọn ò mọ̀, ti mọ ohun tó ń ṣe mí. Wọ́n ní mo ti fẹ́ èémí mi tán sínú ẹran. Wọ́n ní ńṣe ni Ọlọ́run wọn èémí fún kálukú, èmi wá fi tèmi wú àgbò olówó. Mo bínú sí wọn gan-an, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo gbà wọ́n gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ èémí ná. N kì í kí èèyàn pẹ́ mọ́, n kì í jágbe mọ́ oníbàárà. Kúlúsúmù ìyàwó mi sọ pé ọjọ́ tóun rí i pé mi ò bá òun jà mọ́ lẹ̀rù ti ba òun.

Òun ló fà mí lọ sí ọsibítù ní Abẹ́òkúta. Dókítà tó wà níbẹ̀ yẹ̀ mí wò, ó ní omi ló ti dúró sínú àyà mi, òun máa fi abẹ́rẹ́ fà á jáde. Abẹ́rẹ́, láyà. Mo wọ bùbá mi padà, mo sì wọ rélùwéè wálé. Alápatà ni mí, ẹ má gbàgbé. Bí mo bá fẹ́ àgbò tán, tí ṣóńṣó ọ̀bẹ bá ṣèèṣì kàn án, fíìì ni gbogbo ẹ̀ máa tú jáde, àgbò á rọ̀ wọ̀ọ̀. Èémí tó kù nínú mi ò tó nǹkan, ẹnì kan wá fẹ́ lu ihò sí i. Mo sọ fún Kúlúsúmù pé kó má dárúkọ Abẹ́òkúta sí mi létí mọ́.

Ọjọ́ Iléyá ni ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. A ti kírun dé, mo ti dú àgbò, gbogbo ilé sì dúró yí mi ká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Mo fẹnu sí ẹsẹ̀ àgbò, mo fẹ́ ẹ. Ojú mi ṣú. Mo tún fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo máa mọ̀, ilẹ̀ ni mo wà, Kúlúsúmù ń da omi sí mi lórí, àgbò sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ojú tì mí ju bí ara ṣe ń ro mí lọ.

Fọláwẹ̀mí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin Adéyanjú, ọ̀gá téṣàn rélùwéè wa, ni. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí Iléyá tí wọn kì í jẹ nílé mi, kò sí Kérésì tí mi ò jẹ nílé wọn. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìbàdàn, ó wálé fún họ́lídè. Nígbà tó wà ní kékeré, fùkù ló fẹ́ràn jù nínú ẹran, èmi ni mo sì máa ń sun ún fún un. Ó kúnlẹ̀ tì mí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ẹ̀yìn yín.”

“Kí lo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?” mo bi í. Ó fi etí lé ẹ̀yìn mi lápá òsì, ó gbé e lọ sápá ọ̀tún, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Kúlúsúmù pé kí òun náà wá gbọ́.

Kúlúsúmù fi etí sí apá òsì. Ó ní, “Atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde. Mò ń gbọ́ ọ.” Ó gbé etí sí apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ egungun èjìká. Ó dúró, ó dúró. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. “Kò sí nǹkan níbí,” ló wí. “Kò sí nǹkan kan rárá.” Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rò pé ìlàjì mi ti kú, ìlàjì tó kù ni mo fi ń rìn kiri.

Fọláwẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu ẹ̀yìn mi bí a ṣe ń lu àgbá láti mọ ibi tí omi dé nínú rẹ̀. Apá òsì dún bí àgbá tó ṣófo. Apá ọ̀tún dún bí èyí tó kún. Èmi fúnra mi gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n tàn mí.

“Dókítà Abẹ́òkúta yẹn ò purọ́ fún yín,” Fọláwẹ̀mí wí; Kúlúsúmù ti sọ fún un. “Omi ni.”

“Abẹ́rẹ́ ò ní wọ̀ mí láyà.”

“Ó dáa. Ẹ bá mi yọ fùkù àgbò yín, kí ẹ má gé gògóńgò kúrò lára ẹ̀.”

Kúlúsúmù ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì yó fùkù láti ọjọ́ yìí?” Ẹ̀rín pa wá díẹ̀. Ọmọ mi Ṣàkírù bá mi la àgbò, mo yọ fùkù náà fún Fọláwẹ̀mí lódindi. Ó já ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ó kì í bọ gògóńgò, ó fi okùn dè é pinpin, ó sì fẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti kékeré ni mo ti ń dú ẹran. Fùkù ni mo máa ń jù sápá kan, ẹran ọmọdé, ẹran tí kì í gbé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Lójú mi, fùkù yẹn dìde. Ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ sí i títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó tóbi ju ibi tí mo rò pé ó lè dé lọ. Nígbà tí ọmọ náà gbẹ́nu kúrò, fùkù rọra súnkì fúnra rẹ̀. Ó tún fẹ́ ẹ, ó tún dìde. Mo ti gé ohun yìí wẹ́wẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n ò rí i rí.

Ó ní àpò kéékèèké ló kún inú rẹ̀, àwọn tí ojú ò lè rí, àti pé bí èèyàn bá lè tẹ́ ti inú àyà ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀, ó máa bo àgbàlá wa. Mo wo àgbàlá náà láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí kànga. Ó ní ẹ̀jẹ̀ dúdú ló ń gba ara àwọn àpò yẹn kọjá, ibẹ̀ ló ti ń gba atẹ́gùn tó ń sọ ọ́ di pípọ́n. Èmi tí mo ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ lójoojúmọ́ mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí kí n béèrè ohun tó fà á. Sùbùhánálláhì ni mo kàn ń wí.

“Èémí kì í tán, Bàbá,” Fọláwẹ̀mí wí. “Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ẹ̀ pa mọ́. Èyí tí ẹ mí síta ti lọ, òmíràn ti wọlé. Ẹran pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn, tí ẹ máa ń gé dànù, òun ló ń fà sísàlẹ̀ tí àyè fi ń ṣí, atẹ́gùn á wá wọlé fúnra ẹ̀. Àyè ni ẹ nílò, kì í ṣe èémí.”

Ó gba igbá méjì lọ́wọ́ Kúlúsúmù. Ó ki fùkù apá kan bọ inú ọ̀kan, ó da omi kún igbá náà, ó fi igbá kejì dé e, ó fi fùkù apá kejì sílẹ̀ níta. Ó ní kí n fi ọwọ́ tẹ igbá òkè náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ ọ̀pá ìbẹ́pẹ. Èyí tó wà níta dìde. Èyí tó wà nínú igbá ò mira. Ó fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi le, n ò gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ọwọ́ mi.

“Ẹ da omi yẹn nù.”

Mo dà á nù, mo tún igbá dé, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ ẹ. Igbá náà gbé ọwọ́ mi sókè. Ẹ gbọ́ mi yé o, èémí ọmọdébìnrin kan, láti inú fùkù tí mo pè ní ẹran ọmọdé, ó gbé ọwọ́ alápatà sókè. Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọ mi, n ò sì nù ún.

“Bí abẹ́rẹ́ bá wá kan fùkù náà ńkọ́?” mo bi í.

“Wọ́n máa lu ẹ̀yìn yín kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n lè mọ ibi tí omi wà. N ò ní sọ pé kò séwu níbẹ̀ rárá. Àmọ́ omi yẹn ń pọ̀ sí i, Bàbá.”

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi padà sí Abẹ́òkúta. Wọ́n gún mi láàárín egungun ìhà méjì, mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú, mò ń retí fíìì. Kò dún. Omi pípọ́n bíi tíì ló ń ṣàn sínú ìgò, ìgò kún, wọ́n gbé òmíràn wá. Bó ṣe ń ṣàn, mo rí i pé nǹkan kan ń ṣí nínú mi, níbi tí mo ti gbàgbé pé ó jẹ́ tèmi. Ikọ́ fée ló fa omi náà. Wọ́n yẹ Kúlúsúmù àtàwọn ọmọ wò, kò ràn wọ́n. Wọ́n dá èmi dúró síbẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó ní kí n máa lọ, kí n máa lo ìyókù nílé.

Nígbà tí mo sọ̀ ní téṣàn Ìfọ̀, n ò dúró nídìí igi kankan. Mo wọlé, àwọn aládùúgbò ń kí mi, Kúlúsúmù ń gé iṣu. Kò kí mi. Ó ní, “Baba Ṣàkírù, ẹ bọ́ bùbá yín.” Mo ní ṣé kò rí èèyàn ni. Ó bọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn mi lórí àga ìdáná, ó fi etí sí apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ egungun èjìká, ibi tó ti fi sí lọ́jọ́ Iléyá. Mo mí. “Atẹ́gùn ń wọlé,” ló wí, “ó ń jáde.”

Mo ní kó dìde, pé àwọn èèyàn ń wò wá. Ó ní kí n ṣì máa mí.